Ìjà olọ́sìn màlúù, awakùsà àti àwọn Apache ní Arizona: ta ló jẹ gbèsè, ta ni wọ́n mú?

Àkàndé_Arizona kọ:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ìbéèrè kan ni ó gbé mi wá. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti ń gbé ní gúúsù Arizona, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mú àwọn ọmọ mi lọ wo àwókù bárékè ogun tí wọ́n ń pè ní Fort Bowie. Ẹsẹ̀ ni a fi rin máìlì kan àbọ̀ dé ibẹ̀, láàárín igbó ẹlẹ́gùn-ún, a kọjá ibi tí ilé ìdúró àwọn kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin wà nígbà kan rí, a sì gba ẹ̀gbẹ́ itẹ́ òkú kan kí a tó kan ìsun omi kékeré tí ó ṣì ń ṣàn títí di òní. Nínú itẹ́ òkú yẹn ni àkọ́bí mi ti pè mí pé kí n wá wo ibojì kan. Ohun tí wọ́n kọ sí orí rẹ̀ ni pé ọmọ Geronimo, jagunjagun olókìkí láàárín àwọn Apache, ẹ̀yà onílẹ̀ Amẹ́ríkà, ni ó wà níbẹ̀, ọmọ ọdún 2, tí ó kú ní 1885. Ọmọ mi wá bi mí pé, "Bàbá, kí ni ọmọ ọdún méjì ń wá ní bárékè àwọn ọ̀tá bàbá rẹ̀?" N kò rí èsì gidi fún un.

Ohun tí mo mọ̀ nípa ìjà náà kò ju èyí tí sinimá fi hàn wá ní kékeré lọ: òyìnbó olómàlúù ń bọ̀ lórí ẹṣin, Apache yọ lẹ́yìn àpáta, ìbọn dún, ó parí. Ṣùgbọ́n ìjà tí ó gbóná ní 1861, tí kò sì tán títí di 1886, kò lè jẹ́ ọ̀rọ̀ màlúù tí wọ́n jí kó nìkan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tí ó bá mọ ìtàn yìí dáadáa, kí ó là á yé mi: kí ni ó dá ìjà náà sílẹ̀ gan-an, kí sì ni kò jẹ́ kí ó tètè parí? Ṣé olè lásán ni àwọn Apache, àbí àwọn olọ́sìn àti awakùsà ni wọ́n wá tọ́ wọn níjà?

Olùkọ́_Fẹ̀yìntì fèsì:

Àkàndé, o káre. Ọmọ tí ó bá lè béèrè irú ìbéèrè yẹn, máa mú un rìn káàkiri. N óò dáhùn bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.

Kò sí ọba kan tí ó ń jẹ́ ọba Apache. Agbo-agbo ni wọ́n ń gbé: Chiricahua lọ́tọ̀, Coyotero lọ́tọ̀, Aravaipa lọ́tọ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú olórí tirẹ̀, àdéhùn tí agbo kan bá sì ṣe kò de agbo kejì rárá. Fi èyí sọ́kàn, nítorí pé orí rẹ̀ ni gbogbo ẹ̀jẹ̀ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ṣàn.

Àwọn fúnra wọn tún ya ohun méjì sọ́tọ̀ tí òyìnbó pa pọ̀ di ọ̀kan. Bí oúnjẹ bá tán ní agbo, àwọn ọkùnrin díẹ̀ yóò yọ́ lọ kó ẹṣin, ìbaaka tàbí màlúù, wọn yóò sì sapá kí ẹnikẹ́ni má rí wọn, nítorí pé ẹran ni wọ́n bá lọ. Mo ń pe ìyẹn ní sùnmọ̀mí níhìn-ín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé sùnmọ̀mí ti ayé àwọn bàbá wa, èèyàn ni ó ń kó ju ẹran lọ. Bí wọ́n bá wá pa ẹnì kan lára wọn, ìgbà náà ni ẹbí òkú yóò pe ogun ẹ̀san, èyí tí ó ní ijó àti ètùtù tirẹ̀, tí èrò rẹ̀ sì máa ń pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Olọ́sìn tí ó jí lówùúrọ̀ tí ó bá ọgbà ẹran rẹ̀ lófìfo kò ní jókòó bi ara rẹ̀ léèrè èwo nínú méjèèjì ni ó dé bá òun.

Àwọn Sípéènì ti rí ọgbọ́n kan dá sí i tipẹ́. Láti 1786 ni wọ́n ti ń pín ẹran àti àgbàdo fún àwọn agbo tí ó bá wá jókòó sí tòsí bárékè wọn, bí irú èyí tí ó wà ní Janos, sùnmọ̀mí sì dínkù gidigidi. Nígbà tí Mẹ́síkò gba òmìnira ní 1821, àpò ìjọba gbẹ; nígbà tí ó fi di 1831, wọ́n ti gé oúnjẹ náà, àwọn ọkùnrin sì padà sídìí ẹran olówó. Sonora, ìpínlẹ̀ kan ní Mẹ́síkò, wá bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó ní 1835 fún ẹni tí ó bá mú awọ orí Apache wá, bẹ́ẹ̀ ni awọ orí kì í sọ agbo tí ẹni tó ni ín ti wá. Ní 1854, Amẹ́ríkà ra gúúsù Arizona lọ́wọ́ Mẹ́síkò ní mílíọ̀nù 10 dọ́là. Àwọn tí ń jẹun lórí ilẹ̀ náà kò rí kọ́bọ̀ níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó bi wọ́n léèrè.

Ó wá kan ibi tí ìwọ àti àwọn ọmọ rẹ rìn kọjá. Ní ọjọ́ 27 oṣù Ṣẹrẹ 1861, àwọn kan ya wọ oko John Ward lẹ́bàá odò Sonoita, wọ́n kó màlúù rẹ̀, wọ́n sì gbé ọmọ ìyàwó rẹ̀ lọ, Felix, ọmọ nǹkan bí ọdún 12. Ward lọ fi ẹjọ́ sun àwọn sójà, wọ́n sì dì í mọ́ Cochise, olórí àwọn Chiricahua, lọ́rùn. Lẹ́fútẹ́nàǹtì George Bascom kó sójà 54 lọ sí Apache Pass, ojú ọ̀nà àárín òkè tí àwókù Fort Bowie wà lónìí. Cochise kò fura. Ó mú ìyàwó rẹ̀, ọmọ rẹ̀, arákùnrin rẹ̀ Coyuntura àti àwọn ẹbí mìíràn dání wá sínú àgọ́ Bascom, bí ẹni tí wọ́n pè wá jẹun. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè ọmọ, ó ní ọ̀dọ̀ òun kọ́ ni ó wà, pé àwọn Coyotero ni ó gbé e, àti pé bí wọ́n bá fún òun ní ọjọ́ díẹ̀ òun yóò bá wọn wá a. Òótọ́ ni ó sọ. Bascom ní irọ́ ni, ó ní òun yóò fi gbogbo wọn dógò títí ọmọ yóò fi dé. Cochise fa ọ̀bẹ yọ, ó ya àgọ́, ó sì sá gun òkè lọ láàárín ìró ìbọn. Àwọn ẹbí rẹ̀ kò rí ọ̀nà bá a jáde.

Òun náà lọ mú òyìnbó 4. Ọ̀kan nínú wọn ni James Wallace, òṣìṣẹ́ ilé ìdúró kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin, ẹni tí ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó fi okùn sí i lọ́rùn, ó mú un wá síbi tí àwọn sójà ti lè rí i, ó ní kí àwọn ṣe pàṣípààrọ̀. Bascom kọ̀ jálẹ̀: àfi kí ọmọ Ward kọ́kọ́ dé. Bí ọ̀rọ̀ ṣe bàjẹ́ nìyẹn. Cochise pa àwọn 4 náà, àwọn sójà sì so ọkùnrin Apache 6 rọ̀ sórí igi, Coyuntura àti àwọn ọmọ ẹbí Cochise 2 pẹ̀lú Coyotero 3 tí wọ́n rí mú lójú ọ̀nà. Ìyàwó àti ọmọ ni wọ́n dá sílẹ̀. Ọdún 11 ni Cochise fi jà lẹ́yìn ìyẹn.

Àwọn kan máa ń di gbogbo ẹ̀bi ru Bascom. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọ̀nà tí gbogbo wọn ń tọ̀ ni ó tọ̀. Ní 1851, àwọn ọmọ ogun Sonora rékọjá ààlà wọ Chihuahua, ìpínlẹ̀ Mẹ́síkò mìíràn, wọ́n kọlu àgọ́ àwọn Apache tí wọ́n ń bá ará Janos ṣòwò ní àlàáfíà, nítorí màlúù tí wọ́n jí kó ní Sonora. Ìyá Geronimo, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ 3 ló bá a lọ.

Abẹ̀kẹ́_Houston fèsì:

Ẹ kú àlàyé, Olùkọ́ wa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bá yín fa ọ̀rọ̀ kan. Bí a bá ń sọ pé "ẹran ni wọ́n bá lọ", kí a má gbàgbé pé ẹni tí ń da ẹran náà ni ó ń kú. Àwọn tí ó pọ̀ jù nínú wọn kì í ṣe olówó. Ará Mẹ́síkò tí wọ́n gbà síṣẹ́ ni, àti ọmọdékùnrin tí ń sọ́ àgùntàn, tí kò ní ju ẹṣin kan lọ, tí kò tilẹ̀ ní òmíràn. Nínú ìjà Bascom yẹn gan-an, àwọn ará Mẹ́síkò tí wọ́n bá nínú ọkọ̀ ẹrù kan ni wọ́n so mọ́ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, tí wọ́n sì dáná sun láàyè. Kí ni ó kàn wọ́n nínú ọ̀rọ̀ ọmọ Ward? Ìwé kì í sábà kọ orúkọ wọn.

Ẹ wo Pete Kitchen, tí ó dá oko sí tòsí ibi tí Nogales wà lónìí. Orí òkè ni ó kọ́ ilé amọ̀ rẹ̀ sí. Ẹ̀ṣọ́ kan wà lórí òrùlé, ẹlòmíràn wà lọ́dọ̀ ẹran ní àbàtà, àwọn tí ń túlẹ̀ ní ìsàlẹ̀ sì so ìbọn tí wọ́n ti ki ọta sí mọ́ ọwọ́ ohun ìtúlẹ̀ wọn. Síbẹ̀síbẹ̀, wọ́n pa ọmọ tí ó ń tọ́ ní 1871, láàárín oko. Ẹni tí ó bá gbé irú ayé yẹn fún ọdún mẹ́wàá kò ní gbọ́ àlàyé ìyàtọ̀ láàárín Chiricahua àti Aravaipa. N kò sọ pé ó tọ̀nà o. Mo ń sọ pé mo mọ bí ọkàn rẹ̀ yóò ṣe rí.

Òjó_Oníkùsà fèsì:

Ẹ jẹ́ kí n dá sí ti awakùsà, nítorí pé ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nìyẹn, ẹ sì ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé màlúù nìkan ni ó wà níbẹ̀.

Olọ́sìn lè bá Apache gbé bí ó bá fẹ́ san ẹran díẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ ṣe é. Awakùsà kò lè ṣe é, nítorí pé ohun tí ó ń wá kò fi ààyè sílẹ̀. Ní oṣù Èbìbí 1860, wọ́n rí wúrà ní Pinos Altos, ní ìwọ̀-oòrùn New Mexico, lórí ilẹ̀ agbo Mangas Coloradas, àna Cochise. Kí ọdún náà tó parí, ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwọn awakùsà ti kún inú àfonífojì náà. Omi tí wọ́n fi ń ṣan wúrà di ẹrẹ̀. Ìgalà sá. Igi tí àwọn obìnrin ń ṣa èso rẹ̀ pamọ́ de òtútù ni wọ́n gé fi ṣe òpó àti igi ìdáná. Ẹ kò nílò ìbọn láti lé èèyàn kúrò lórí ilẹ̀ bí ẹ bá ti ṣe ohun mẹ́ta yìí tán. Nígbà tí àwọn awakùsà tún fúnra wọn kọlu àgọ́ Apache kan ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún náà nítorí ẹran tí ó sọnù, Mangas ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

Ikú rẹ̀ ni ó burú jù. Ní oṣù Ṣẹrẹ 1863, ó ti tó ẹni 70 ọdún, ó sì fẹ́ àlàáfíà. Àwọn awakùsà tí ń bá Joseph Walker wá wúrà kiri, pẹ̀lú àwọn sójà, na àsíá funfun sí i, ó wá, wọ́n sì mú un. Lóru, àwọn tí ń ṣọ́ ọ fi ọ̀bẹ ẹnu ìbọn tí wọ́n ti fi sínú iná jó o lẹ́sẹ̀; nígbà tí ó dìde láti bá wọn wí, wọ́n yìnbọn pa á, wọ́n ní ó fẹ́ sá ni. Ọ̀kan lára àwọn awakùsà yẹn ni ó ròyìn ohun tí ojú rẹ̀ rí, nítorí náà kò sí ẹni tí yóò pè é ní àhesọ. Wọ́n gé orí rẹ̀, wọ́n sè é, wọ́n sì fi agbárí rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀gbẹ́ni kan ní ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà tí ó sọ pé òun lè fi ìrísí agbárí mọ ìwà èèyàn.

Kí n tó gbàgbé: nígbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ní 1861, wọ́n kó àwọn sójà kúrò ní Arizona, wọ́n sì dáná sun bárékè wọn kí wọ́n tó lọ. Àwọn Apache rò pé àwọn ni ó lé wọn. Oko àti ibi ìwakùsà dahoro títí dé Tubac. Ẹni tí ó bá rí irú ìṣẹ́gun yẹn lẹ́ẹ̀kan, báwo ni yóò ṣe gbà pé òun kò lè tún un rí?

Olùkọ́_Fẹ̀yìntì fèsì:

Abẹ̀kẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ wọlé, n kò sì ní jiyàn lórí àwọn tí wọ́n so mọ́ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Gbèsè Bascom ni Cochise gbà lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n bí o ti mẹ́nu kan 1871, jẹ́ kí n sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Camp Grant, bárékè kan ní Arizona, ní ọdún náà.

Ní oṣù Èrèlé, àwọn ìyá arúgbó 5 gbé àsíá funfun wá bá Lẹ́fútẹ́nàǹtì Royal Whitman. Ọmọ ọ̀kan nínú wọn ni sójà mú ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn, ọmọkùnrin, òun ni wọ́n ń wá. Ọ̀rọ̀ ọmọ sọnù náà tún nìyẹn, àmọ́ àwọn wọ̀nyí kò fa ìbọn yọ. Whitman ṣe wọ́n lálejò, wọ́n lọ sọ fún Eskiminzin olórí wọn, agbo Aravaipa sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá jókòó sí tòsí bárékè títí wọ́n fi tó nǹkan bí 500. Whitman ń fún wọn ní oúnjẹ, ó tún ń ra koríko gbígbẹ lọ́wọ́ wọn fún àwọn ẹṣin bárékè. Láàárín oṣù díẹ̀, àwọn obìnrin àti ọmọdé ti fi ọ̀bẹ gé koríko tí ó súnmọ́ 300,000 pọ́un, wọ́n sì rù ú wá lẹ́yìn. Kò sí sùnmọ̀mí tí ẹnikẹ́ni fìdí rẹ̀ múlẹ̀ mọ́ wọn lára ní àkókò yìí.

Ṣùgbọ́n ní apá ibòmíràn, wọ́n ń jí ẹran, wọ́n sì ń pa èèyàn. Àwọn ará Tucson ní láti Camp Grant ni. William Oury àti Jesús María Elías kó èèyàn jọ: òyìnbó 6, ará Mẹ́síkò 48, àti àwọn Tohono O'odham, ẹ̀yà onílẹ̀ mìíràn, tí ó lé ní 90, tí àwọn náà ní gbèsè àtijọ́ lọ́rùn Apache. Ní ìdájí ọjọ́ 30 oṣù Igbe, nígbà tí àwọn ọkùnrin agbo náà kò sí nílé púpọ̀, wọ́n fi kùmọ̀ àti ìbọn pa èèyàn tí ó lé ní 100, obìnrin àti ọmọdé ni gbogbo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́. Ọmọdé tí ó ju 20 lọ ni wọ́n kó lọ, tí wọ́n sì tà á lẹ́rú. Ààrẹ Grant fi dandan lé e pé kí wọ́n gbé wọn lọ sí kóòtù. Nǹkan bí 100 ọkùnrin ni ó jẹ́jọ́ ní oṣù Ọ̀pẹ. Ìṣẹ́jú 19 ni àwọn ará ìlú tí wọ́n yàn láti dá ẹjọ́ náà fi jíròrò kí wọ́n tó dá gbogbo wọn láre.

Àwọn agbaṣẹ́ṣe kan wà ní Tucson tí wọ́n ń ta àgbàdo, ẹran àti koríko fún àwọn sójà. Bí ogun bá parí, ọjà wọn ti kú nìyẹn. N kò sọ pé àwọn nìkan ni ó da ìjà náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ronú sí ìyá arúgbó tí ń ru koríko lọ bá Whitman ní sẹ́ǹtì kan fún pọ́un kan, kí ẹ sì ronú sí ẹni tí ń ta á fún ìjọba tẹ́lẹ̀.

Àyándélé fèsì:

Kúkúrú ni tèmi. Ẹ má ṣe gbàgbé àwọn sójà aláwọ̀ dúdú. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin kẹsàn-án àti ìkẹwàá, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1866, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lóko ẹrú, ni ó lé Victorio, olórí agbo Apache kan, káàkiri New Mexico àti Texas ní 1879 àti 1880. Victorio kò béèrè ju pé kí wọ́n jẹ́ kí òun àti èèyàn òun gbé ní Ojo Caliente, ilẹ̀ wọn. Ní 1877 ni wọ́n kó wọn lọ sí San Carlos, ilẹ̀ tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún àwọn Apache ní Arizona, níbi tí ooru àti àìsàn ti ń pa wọ́n. Ọ̀gágun Grierson mọ̀ pé òun kò lè bá a sáré lórí òkè. Ó kó àwọn ẹlẹ́ṣin kẹwàá lọ jókòó ti àwọn ojú omi ní ìwọ̀-oòrùn Texas, ó sì dúró dè é. Victorio dé Tinaja de las Palmas, sójà wà níbẹ̀. Ó dé Rattlesnake Springs, sójà wà níbẹ̀. Òùngbẹ ni ó lé e padà sí Mẹ́síkò, níbi tí wọ́n ti pa á ní oṣù Ọ̀wàrà 1880. Henry Flipper, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó jáde ní West Point, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ológun Amẹ́ríkà, wà nínú ìrìn náà. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n gbé òun náà lọ sí kóòtù ológun, wọ́n lé e kúrò níṣẹ́, ó sì di 1999 kí Ààrẹ Clinton tó forí jì í.

Àkàndé_Arizona fèsì:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ fún àwọn ọmọ, yàtọ̀ sí ti agbárí yẹn. Ìbéèrè méjì ni ó kù. Olùkọ́, ẹ kò tíì sọ ohun tí ọmọ Geronimo ń ṣe ní bárékè. Àti pé, Felix ńkọ́? Ṣé wọ́n rí i?

Olùkọ́_Fẹ̀yìntì fèsì:

Ní 1885, Geronimo sá kúrò lórí ilẹ̀ tí ìjọba fi wọ́n sí, ó kọjá sí àwọn òkè Mẹ́síkò. Sójà òyìnbó kì í lè tọ ipasẹ̀ wọn níbẹ̀. Apache tí ń ṣiṣẹ́ fún sójà ni ó lè ṣe é. Àwọn yẹn ya bo àgọ́ rẹ̀ ní oṣù Ògún, wọ́n mú àwọn ìyàwó àti ọmọ rẹ̀, wọ́n sì kó wọn wá sí Fort Bowie pé èyí yóò fà á wálé. Ohun tí ọmọ ọdún 2 náà ń wá níbẹ̀ nìyẹn. Ọmọ tí wọ́n fi dógò ni.

Geronimo túúbá fún Ọ̀gágun Miles ní ọjọ́ 4 oṣù Owewe 1886, pẹ̀lú èèyàn tí kò tó 40, lẹ́yìn tí nǹkan bí 5,000 sójà ti wá a kiri. Wọ́n kó o sínú ọkọ̀ ojú irin lọ sí Florida. Wọ́n sì kó àwọn Chiricahua nǹkan bí 400 tí wọ́n jókòó jẹ́jẹ́ sílé tí wọn kò bá a lọ, àti Martine àti Kayitah, àwọn méjì tí Miles rán lọ bá a sọ̀rọ̀ pé kí ó túúbá. Ọdún 27 ni wọ́n fi wà ní ìgbèkùn. Ó di 1913 kí wọ́n tó dá wọn sílẹ̀. Chatto, Chiricahua tí ó ti bá sójà lé Geronimo, wà ní Washington lóṣù Agẹmọ 1886, níbi tí wọ́n ti fún un ní àmì-ẹ̀yẹ fàdákà. Láti ibẹ̀ kò padà délé mọ́. Florida ni wọ́n gbé e lọ, tòun ti àmì-ẹ̀yẹ rẹ̀.

Ẹni tí ó ṣe ògbufọ̀ ní ìrìn-àjò Washington yẹn ni ọkùnrin olójú kan tí àwọn sójà ń pè ní Mickey Free. Ọ̀dọ̀ àwọn Apache ti ìhà òkè funfun ni ó dàgbà sí, ó sì wọ iṣẹ́ atọ́nà fún sójà ní 1872. Felix Ward ni. Òun kò lọ sí Florida. Ó padà sí Arizona, ó fẹ́yàwó, ó bímọ, ó sì gbó sí ààrin àwọn tí wọ́n jí i gbé.